Ọ̀rọ̀ Sá Lọ, Wọ́n Mú Onídùúró

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dúró fún ènìyàn láyé mi. Télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni. Ó fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a jọ wà, wọ́n ní kó mú onídùúró wá, ó wo gbogbo ọjà yíká, ojú tèmi ló wù ú. Mo tọwọ́ bọ̀wé. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó gbowó tán tó fi gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Cotonou, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Àwọn alájẹṣẹ́kù kò lọ sí Cotonou. Ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkè-Àdó súnmọ́ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bi mí léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, wọ́n sì gbé maṣíìnì tí mo fi ń ká etí aṣọ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi kì í gba gbólóhùn yẹn mọ́: dúró fún. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò, bóyá wọ́n tún ti wá gbé nǹkan.

Ẹ wá wò ó, ilé ara mi ni wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sí mi létí. Dáre ọmọ mi jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá mi, kí ni àwọ̀ ewé inú àsíá Nàìjíríà dúró fún?" Mo ní kó gbé ìwé náà wá. Ìwé ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọ̀ ewé dúró fún, funfun sì dúró fún àlàáfíà. Ó tún kù. Ẹyẹ idì pupa tó bà lórí àmì orílẹ̀-èdè dúró fún agbára, ẹṣin funfun méjì dúró fún iyì, ilà funfun tó pàdé lára apata dúdú dúró fún odò Ọya àti Benue. Bí mo ṣe ń kà á, àfi bíi pé ìwé onídùúró ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ṣí.

Mi ò bínú sí ẹni tó ya àsíá. Taiwo Akinkunmi ni, ó yà á lọ́dún 1959 nígbà tó ń kàwé ní London, ìlú wa níbí ló sì padà wá gbé, tó fi àwọ̀ ewé àti funfun kun ara ilé rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọdún 2023 ló kú. Èyí tó kọ́kọ́ yà ní oòrùn pupa kan láàárín, àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò sì yọ oòrùn náà kúrò. Àṣìṣe ńlá ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lára aṣọ yẹn, oòrùn nìkan ni ìbá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ooru Ìbàdàn kò sá lọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyàwó mi léèrè iye tó ra kóńgò gàrí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Àwọ̀ ewé ni wọ́n mú. Òun ni wọ́n so mọ́ òpó láàárín ìlú, tí oòrùn ń pa, tí òjò ń pa.

Dáre ní, "Ṣé kí n kọ ìyẹn sílẹ̀?" Mo ní kó kọ ohun tó wà nínú ìwé.

Èdè wa gan-an ló yẹ kí n pè lẹ́jọ́. Ta ló ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan náà ṣe iṣẹ́ méjì tó léwu tó báyìí? Onídùúró dúró fún ajigbèsè, àmì dúró fún ìtumọ̀, kò sì sẹ́ni tó ta wá lólobó pé ewu ti àkọ́kọ́ ń bẹ nínú ti ìkejì. Wọ́n ní bí mi ò bá fẹ́ dúró fún, kí n lo ṣojú. Ṣojú wo? Bí mo bá ní ẹnì kan ṣojú mi níbi ìnáwó, a jẹ́ pé èmi kò lọ, òun ló jẹ ẹran tó yẹ kí n jẹ. Bí mo bá sì ní nǹkan ṣojú mi, a jẹ́ pé èmi gan-an wà níbẹ̀ tí mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ń sọ pé mo wà, ó ń sọ pé mi ò sí. Ẹ lọ wo aṣojú-ṣòfin àdúgbò yín, ẹ ó rí i pé àárín méjèèjì yẹn ló kọ́lé sí. Pa ńkọ́? A ń pa òwe, a ń pa àlọ́, a ń pa àrokò, bí a ṣe ń pa adìẹ. Ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì yé mi. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá pa á tán, èmi ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ta sí láṣọ.

Ẹ jẹ́ n mú àpẹẹrẹ wá. Oníbàárà mi kan gbé léèsì wá lọ́dún tó kọjá, yáàdì márùn-ún, ti ìnáwó òkú ìyá rẹ̀. Mo ya àwòrán bùbá ọlọ́wọ́ gígùn kan, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ṣé kí n gé e báyìí, mà?" Ó fi àtàǹpàkò kan dáhùn. Àtàǹpàkò náà nà sókè ṣánṣán, ó ń dán. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá na àtàǹpàkò sí ọ ti gbà fún ọ. Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo gé e.

Ọjọ́ tó wá gbé aṣọ, ó wọ̀ ọ́, ó yí ara rẹ̀ wò nínú dígí, ó ní, "Bàbá Dáre, ta ló ní kí ẹ gé e báyìí?" Mo yọ fóònù, mo fi àtàǹpàkò hàn án. Ó ní, "Háà! Ẹ fi àwòrán ránṣẹ́, mo ní mo ti rí i. Mo ti rí i ni ìyẹn dúró fún."

Dúró fún. Mo ti wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ọ́ tán. Èmi ni mo sanwó léèsì.

Ìgbà tí mo sanwó tán ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi tó máa ń ka ìròyìn lórí fóònù wá ka ti Kánádà fún mi. Lọ́dún 2021, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra ọkà ya àwòrán ìwé àdéhùn, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ kan, wọ́n ní kó fọwọ́ sí i. Àgbẹ̀ fi àtàǹpàkò dáhùn. Ìkórè dé, irúgbìn flax tí wọ́n ń retí kò dé. Wọ́n gbé ara wọn dé kóòtù, àgbẹ̀ sì ní mo ti rí i ni àtàǹpàkò òun dúró fún, pé òun kò sọ pé òun ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, òun àti oníbàárà mi kò ha mu ọmú kan náà dàgbà? Adájọ́ dá a lọ́dún 2023: ó ní àtàǹpàkò náà fọwọ́ sí ìwé, kí àgbẹ̀ san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Mo ní kí ọmọ náà tún un kà. Ó tún un kà. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó rántí pé Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

Wọ́n ní ọmọ Japan kan, Shigetaka Kurita, ló ya 176 irú àwòrán kéékèèké bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ fóònù lọ́hùn-ún lọ́dún 1999. Nígbà tó di ọdún 2016, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé tó wà ní New York gba gbogbo wọn wọlé, wọ́n sì fi wọ́n ṣe àfihàn. Léèsì mi wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó wá wò ó.

Gbogbo èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó lọ.

Ilé-ìwé Dáre kọ ìkéde sí àwa òbí lórí WhatsApp. Kò sí àmì kan lórí rẹ̀, kò sí ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, ó pá borogídí bí orí igún: Ki omo kookan mu aroko re wa ni ojo Aje. Láti ayé Crowther ni a ti ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ. Ìpàdé odidi jókòó lé bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá lórí ní Èkó lọ́dún 1875. Ilé-ìwé tí à ń sanwó fún kò ráyè fi ẹyọ kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó ilé-ìwé bá kù ní ọgọ́rùn-ún náírà, wọn a fi àmì sí i, wọn a fi ilà pupa sí abẹ́ àmì náà.

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mẹ́ta. Bó bá jẹ́ aroko ni wọ́n ní lọ́kàn, àgbẹ̀ nìyẹn: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àgbẹ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ ìtàn rẹ̀ wà ní Kánádà, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ àròkọ, ohun tí a rò tí a sì kọ, ewé ìwé kan péré ni, mi ò sì rò pé wọ́n á tìtorí ewé ìwé kan kéde fún gbogbo òbí. Ó ku àrokò, ẹrù tí à ń dì ránṣẹ́ dípò lẹ́tà. Inú mi dùn gan-an ni. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ìyá Dáre, wọ́n ti ń kọ́ wọn ní àṣà nílé-ìwé yẹn o." Ó ní kí n pè wọ́n kí n béèrè. Mo ní kí ni mo fẹ́ béèrè, ṣé mi ò gbọ́ Yorùbá ni?

Mo mọ àrokò, ẹ má wò mí báyìí. Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá tó bí bàbá mi. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, tí èmi ń rán aṣọ fún, sì máa ń sọ ìtàn àrokò fún mi bí mo bá ń wọn èjìká rẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé láyé ogun Dahomey, ìgbèkùn kan tó wà lọ́wọ́ wọn kó òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà pọ̀, ó fi ránṣẹ́ sí aya rẹ̀ nílé. Òkúta: ara mi le. Èédú: iwájú mi ṣókùnkùn. Ata: ọkàn mi ń gbóná. Àgbàdo: mo ti gbẹ. Àkísà: ohun tó kù lọ́rùn mi nìyí. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Gollmer kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní London lọ́dún 1885. Lẹ́tà kankan kò sí nínú ẹrù yẹn, aya náà sì kà á délẹ̀. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò sí onídùúró kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ata kò dúró fún ìgbóná. Ata gbóná ni. Bí obìnrin náà bá ń ṣiyèméjì, kó fi ahọ́n kàn án.

Ti owó ẹyọ tún yàtọ̀. Orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mẹ́fà ni ẹ̀fà, fà sì ti wà nínú rẹ̀: mo fà ọ́ mọ́ra. Mẹ́jọ ni ẹ̀jọ: a jọ ṣe é, ọ̀rọ̀ wa jọra. Mẹ́ta ni ẹ̀ta, ìyẹn kò dára, a ta ọ́ nù nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀kan tó ti Ìjẹ̀bú wá han àwọn ọ̀mọ̀wé ní London, ẹnì kan tó ń jẹ́ Bloxam sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1887. Ọ̀gágun Ìjẹ̀bú kan ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba kan tó wà lẹ́yìn odi: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan, irú ìyẹ́ tí a fi ń nu etí. Ó ní mo fi mẹ́fà yìí fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Etí rẹ nìkan ni ìyẹ́ yìí lè dé, nítorí náà máa bọ̀ kí n rí ọ. Mi ò mọ ọkùnrin tí kò ní wù láti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo lọ sí Ọjà'ba, mo ra owó ẹyọ mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ, mo fa ìyẹ́ kan lára àkùkọ aládùúgbò, mo fi òwú pupa tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi dì wọ́n pọ̀. Tíṣà Dáre ni mo dárúkọ lára àpò rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò fara sin: kí tíṣà fa ọmọ mi mọ́ra, kó sì máa tẹ́tí sí i nínú kíláàsì, nítorí ohùn Dáre kéré. Ọjọ́ Ajé, ọmọ gbé e lọ.

Aago kan ọ̀sán kò tíì lù tí wọ́n fi pè mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun méjì tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkíní, ọmọge ni tíṣà náà, ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì. Èkejì, ará Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Ká ní ará ibòmíràn ni, ohun ọ̀ṣọ́ ni ìbá pè é, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ó gbé ẹrù mi sórí tábìlì, ó fi bírò tú òwú rẹ̀ bíi pé ó máa bu òun jẹ.

"Ẹ̀fà," ó ní. "Ta lẹ fẹ́ fà, sà?"

"Ọmọ mi ni, mà."

"Orúkọ ọmọ yín kò sí níbí. Orúkọ tíṣà ni mo rí."

"Tíṣà ni mo fẹ́ kó fà á, mà."

"Ìyẹ́ yìí ńkọ́? Kí ni ìyẹ́ yìí dúró fún?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Tíṣà náà ló dúró síbẹ̀, ó káwọ́ gbera. Mo wá ṣàlàyé ti Bloxam fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀gágun, ọmọ ọba, lẹ́yìn odi, bí mo sì ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i, nítorí "máa bọ̀ kí n rí ọ" kì í ṣe gbólóhùn tí ọkùnrin tó ti níyàwó ń sọ níwájú tíṣà tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ohun tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ mú wá hàn mí. Àròkọ ni. Àkọlé rẹ̀: Ọjọ́ Tí Mi Ò Lè Gbàgbé Láyé Mi. Oódo ni Dáre gbà. Èmi tí mo ní ohun tí mo lè kọ sábẹ́ àkọlé yẹn báyìí, wọn kò fún mi ní ìwé.

Wọ́n ní kí n máa lọ, pé Dáre á gbé ẹrù náà bọ̀ nílé. Nígbà tí ọmọ dé, ìyàwó mi ló tú àpò rẹ̀. Ìyẹ́ wà níbẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ìyá Dáre tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. "Mẹ́ta," ó ní, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀ta! Bàbá Dáre, wọ́n ti ta yín nù!" Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí. Mi ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti kọ̀ mí. Ọkùnrin mìíràn á kọ́kọ́ jẹ adùn ẹ̀ṣẹ̀ ná kó tó jẹ ìyà rẹ̀.

Mi ò sùn lóru yẹn. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, ojú ewé méjì, àmì wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ní àmì. Mo ní mo ti rí mẹ́ta tí wọ́n fi dá mi lóhùn, ó yé mi, ó sì dùn mí, nítorí kò sí ọkàn búburú nínú ohun tí mo ṣe. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ bá mi rẹ́, kí wọ́n fi márùn-ún kún un kó di mẹ́jọ. Mo ya àwòrán lẹ́tà náà, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Dáre ń mu ẹ̀kọ. Ó wo owó ẹyọ lórí tábìlì, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ máa bínú? Mo fi mẹ́ta gba gúgúrú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi lánàá. Ó ní òun fẹ́ lò ó fún ayò."

Mẹ́fà ni ilé-ìwé dá padà. Kò sẹ́ni tó pa àrokò kankan sí mi. Gúgúrú ni mẹ́ta yẹn dúró fún. Mo sáré gbé fóònù kí n pa lẹ́tà rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ti kà á, ó tilẹ̀ ti dáhùn. Àtàǹpàkò ni. Ó nà sókè ṣánṣán.

Mo ti wo àtàǹpàkò yìí láàárọ̀, mo ti wò ó lọ́sàn-án. Ṣé ó ti rí i ni? Ṣé ó ti gbà ni? Bó bá ti gbà, kí ló gbà: pé mi ò ní ọkàn búburú, àbí pé mo ní i, mo sì ti jẹ́wọ́? Márùn-ún tí mo béèrè ńkọ́? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ní kí n fi tèmi dá a lóhùn. Mo ní kó lọ gbálẹ̀.

Ní alẹ́, Ìyá Dáre gbé iyán wá. Mo ṣí ọbẹ̀, ata rodo tútù léfòó lórí rẹ̀, odindi, kò gé wọn. Mo kà wọ́n. Mẹ́fà ni. Mo tún wọn kà.

"Ìyá Dáre," mo ní, "ṣé ẹ̀fà nìyí?"

"Ẹ jẹun, Bàbá Dáre. Ata ni."

Mo bu òkèlè kan, mo fi kan ọbẹ̀. Ó ta.